Bí A Kò Bá Rí Àdàn: Wíwá Arọ́pò Fíìmù Àyànfẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá arọ́pò ohun tó fẹ́ràn rí mọ̀ pé ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: kí ni ẹbọ náà ń bèèrè gan-an? Ìbéèrè yìí ni mo bá wọ̀yá ìjà nígbà tí fíìmù tí mo fi ń ya àwòrán dúdú àti funfun tán pátápátá.

Fíìmù tí mò ń wí kì í ṣe ti róòlù kékeré. Kámẹ́rà ńlá onígi, tí a ń gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ayàwòrán ń da aṣọ dúdú borí kí ó tó wò ó, ló ń lò ó. Ewé fíìmù kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 4 sí 5, àwòrán kan ṣoṣo ni ó sì ń gbà. Nítorí fífẹ̀ rẹ̀, kì í fojú fo ohunkóhun: fọ́nrán irun, ìhun aṣọ òkè, ìlà ojú.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Solomon Osagie Alonge (1911–1994), ayàwòrán ààfin Ọba Ìbíní, kọ́ṣẹ́ ní Èkó kí ó tó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní ìlú Ìbíní. Àwo gíláàsì ni ó kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí fíìmù. Ní 2014, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá wò wọ́n kò ní bèèrè ọjọ́ tí gíláàsì di fíìmù. Ojú ènìyàn ni yóò máa wò.

Èmi, àwọn àgbà tó kọlà ni mò ń yà ní Sùúrùlérè, Yaba àti Mushin: onípélé, alábàjà, onígọ̀ǹbọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọlà sára ọmọ mọ́, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọlà ń dín kù. Ojú tí a kò bá yà lónìí, a lè má bá a lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀gá ayàwòrán kan ní Yaba ló fún mi ní kámẹ́rà náà, pẹ̀lú páálí Neopan Acros 100 mélòó kan tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú fíríìjì. Ilé iṣẹ́ Fujifilm ní Japan ti dáwọ́ ṣíṣe fíìmù yìí dúró ní 2018. Ní 2019, wọ́n gbé Acros II jáde, ṣùgbọ́n róòlù nìkan ni. Kò sí ewé fún kámẹ́rà ńlá. Nígbà tí páálí ìkẹyìn tán, mo jókòó, mo kọ ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ràn nínú Acros sílẹ̀.

Èkíní ni sùúrù rẹ̀. Nínú pálọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan wà, lẹ́ǹsì lè ṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 4. Ó máa ń rẹ ọ̀pọ̀ fíìmù bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, a ó sì ní láti fi kún àkókò. Acros kò bèèrè àfikún títí di ìṣẹ́jú-àáyá 120. Èkejì, kì í rí àwọ̀ pupa dáadáa, nítorí náà àwọ̀ ara wa kì í ṣì lójú rẹ̀, ìlà a sì yọ kedere. Ẹ̀kẹta, hóró rẹ̀ kúnná.

Mo wá bẹ ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè, alábàjà, pé kí wọ́n jókòó fún mi lẹ́bàá fèrèsé wọn. Wọ́n gbà. Fíìmù mẹ́ta ni mo dán wò láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Fomapan 100, láti orílẹ̀-èdè Czech, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá 1 gbọ́dọ̀ di 2, 10 sì di 80. Àgbàlagbà wo ni a ó ní kí ó má mira tó bẹ́ẹ̀?

Fíìmù tí a fi ń ya egungun nílé ìwòsàn ni mo tún gé sí ìwọ̀n, èyí tí mo rà lọ́wọ́ olùtajà kan ní Mushin. Ó pọ́ọ̀kú jọjọ. Àmọ́ kò mọ pupa rárá: ojú Màmá ṣú biribiri, àbàjà wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú rẹ̀. Oògùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì, èékánná lásán sì lè fá a.

Ẹ̀kẹta ni HP5 Plus ti Ilford, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń yára gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin Acros, nítorí agbára rẹ̀ jẹ́ 400. Mo de gíláàsì aláwọ̀ ewé mọ́ ojú lẹ́ǹsì, èyí tó ń dín pupa kù, tó sì ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 400 ṣe padà di 100, tí ìṣẹ́jú-àáyá 2 kò sì ju 2.5 lọ. Ìlà Màmá yọ kedere. Hóró rẹ̀ kò kúnná tó ti Acros lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ewé fíìmù tó fẹ̀ tó báyìí, ojú lásán kò lè rí i. Nínú ohun mẹ́ta tí mo kọ sílẹ̀, ẹ̀kẹta kì í ṣe àìní. Ojú mi ló ti mọ́ ọn lára.

Ó ku ooru Èkó. Oògùn tí a fi ń fọ fíìmù fẹ́ràn 20°C, omi ẹ̀rọ wa sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iná bá wà, mo máa ń kó piọ́ wọ́tà sínú fíríìsà. Yìnyín rẹ̀ ni mo fi ń tu bàsíà tí mo kó ìgò oògùn sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ lè má ní kámẹ́rà onígi. Bí àgbà tó kọlà bá wà nílé yín, fóònù ọwọ́ yín tó. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé àga sí ẹ̀bá fèrèsé, ẹ yà wọ́n, kí ẹ sì tẹ àwòrán náà sórí bébà. Ẹ kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti orúkọ ìlà náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ láti sọ ọ́ fún yín.