Bíríkì Ìṣeré, Ẹsẹ̀ Katapílà àti Èdè Yorùbá: Ṣíṣe Róbọ́ọ̀tì Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì

1.0 Ìfáàrà
Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọdé Ìsàlẹ̀ Òsì, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ti ń fi agolo mílíìkì, ìdérí ìgò àti àjákù sílípáàsì ṣe ọkọ̀ ìṣeré. Bí ọkọ̀ náà bá dé ẹsẹ̀ òkè Màpó, okùn ni wọ́n fi ń fà á gòkè. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè fi bíríkì ìṣeré ṣe róbọ́ọ̀tì tí yóò fúnra rẹ̀ gun òkè, àti ìdí tí ó fi yẹ kí a lè fi Yorùbá kọ́ni ní i.

2.0 Ohun Èlò
Ole Kirk Christiansen ni ó dá ilé-iṣẹ́ LEGO sílẹ̀ ní Denmark ní 1932. Ní 1958 ni bíríkì wọn tí ń kọ́ ara wọn lọ́rùn ti rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Mindstorms, tí ó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, jáde ní 1998. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní òpin 2022, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kò yí padà. Mọ́tò kékeré méjì, àpótí bátìrì, ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ eléyín àti ẹsẹ̀ katapílà méjì ni a nílò.

3.0 Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́
3.1 Agbára: Mọ́tò kékeré a máa yára, ṣùgbọ́n kò lágbára. Bí kẹ̀kẹ́ eléyín 8 tí ó wà lára mọ́tò bá ń yí eléyín 24, yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Iyára dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Agbára sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè.

3.2 Ẹsẹ̀: Ibi kékeré ni kẹ̀kẹ́ roboto fi ń kan ilẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń rì sínú iyanrìn. Ẹsẹ̀ katapílà a máa pín ẹrù náà káàkiri. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò yọ. Bí ó bá le jù, yóò di mọ́tò lọ́wọ́.

3.3 Yíyà: Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni ó ni ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ lọ síwájú, róbọ́ọ̀tì yóò lọ tààrà. Bí ọ̀kan bá lọ síwájú tí èkejì lọ sẹ́yìn, yóò yí lójú kan.

3.4 Egungun ara: Bíríkì tí a kàn tò léra yóò tú nígbà tí mọ́tò bá ń fipá ṣiṣẹ́. Gíga bíríkì jẹ́ 9.6 mm, ti pẹlẹbẹ jẹ́ 3.2 mm. Bí a bá fi pẹlẹbẹ méjì sáàárín bíríkì oníhò méjì, ihò sí ihò yóò jẹ́ 16 mm, èyí tí ó bá ihò bíríkì tí a gbé dúró mu rẹ́gí, nítorí 8 mm ni ihò rẹ̀ fi jìnnà síra. Ìyẹn ni a ó fi dè wọ́n pọ̀. Bátìrì ni ó wúwo jù. Kí a gbé e sí ìsàlẹ̀, níwájú díẹ̀, kí róbọ́ọ̀tì má baà dojú délẹ̀ sẹ́yìn lórí òkè.

4.0 Ọ̀rọ̀ Èdè
Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ hàn pé Yorùbá tó kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí ó rí ìdí tí róbọ́ọ̀tì rẹ̀ kò fi gòkè, ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́, yóò dákẹ́. Olùkọ́ yóò sì rò pé kò mọ̀ ọ́n.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Bíríkì yìí wọ́n. Níbi tí kò bá sí, agolo, rọ́bà sílípáàsì àti mọ́tò inú rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti bàjẹ́ lè kọ́ni ní ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣaláìní ni olùkọ́ tí yóò bi ọmọ léèrè pé, "Kí ló dé tí kò gòkè?", tí yóò sì dúró gbọ́ èsì.