Kí Ẹ Tó San Owó Gbọ̀ngán, Ẹ Wo Àwọ̀ Ilẹ̀ Rẹ̀

Olóòtú ní kí n kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ owó bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí iṣẹ́ ìṣírò owó ni mo kọ́. Ọ̀rọ̀ owó náà ni o, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó ọ̀hún gbà lọ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí mo ń bá tọ́jú ìwé owó wọn rí capannone kan ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Padova. Ẹ mọ capannone, ilé gàgàrà onípáànù tí wọ́n fi ń ṣe ilé iṣẹ́ tàbí ibi ìkẹ́rùsí. Inú gbogbo wa dùn sí i. Ààyè ìgbọ́kọ̀sí wà, kò sì sí aládùúgbò tí yóò máa kanlẹ̀kùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ pé ìlù ti pọ̀ jù. Onílé gba caparra, ó tún gba owó oṣù mẹ́ta lé e. A kun ilé, a ra àga, a sì sọ ọmọ méjì lórúkọ níbẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a ṣe ọdún ẹgbẹ́ ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ comune. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ya ilẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ fún, pé a ti yí ìlò ilé padà láìgba àṣẹ. Bí a ṣe kẹ́rù jáde nìyẹn. Nígbà tí mo jókòó ṣírò gbogbo rẹ̀, caparra, ọ̀dà, àga, owó lọ́yà, ó lé ní 6,000 euro. Owó àwọn tó ń fọ ilé ìwòsàn lóru ni o, kì í ṣe owó olówó.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ìyá Ìbejì, akápò wa, ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ geometra níléèwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí máàpù tí comune náà fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ó sì tẹ àdírẹ́sì ilé wa sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi pè mí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Àwọ̀ àlùkò ni. Zona D ni. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.”

Mo wò ó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì kọ́ sára ògiri!

Tí ó bá jẹ́ ilé ni, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú yóò mú survey plan lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1978 tí òfin Land Use ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní C of O. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti lọ sí Èkó, ṣé ẹ rí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà? Ẹ̀rù oníjìbìtì ló mú wọn kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé Italy, a máa ń rò pé bí onílé bá ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí o. Onílé lè ni ilé tán pátápátá, kí òfin má sì gbà kí ó fi ṣe ohun tó wù ú.

Òfin 1150 ti ọdún 1942 ló fi ìdí ètò náà múlẹ̀: kí comune máa ní piano regolatore, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù April 1968, àṣẹ mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1444 pín ilẹ̀ sí zona mẹ́fà. A ni àárín ìlú àtijọ́. B ni ibi tí ilé ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. C ni ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí. D ni ti ilé iṣẹ́, E ni ti oko, F sì ni ti ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Comune kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi àwọ̀ Torino ka máàpù Padova. Ẹ kọ́kọ́ ka legenda tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù. Orúkọ ètò náà kò sì dọ́gba káàkiri. Ní Piemonte, PRG ni ẹ ó máa rí. Ní Lombardia, láti ìgbà òfin 12 ọdún 2005, PGT ni wọ́n ń pè é. Ní Veneto, òfin 11 ọdún 2004 pín in sí méjì, PAT àti Piano degli Interventi. Ẹlòmíràn á wá PRG títí ní Milano, kò ní rí i, á ní wọ́n fi pamọ́ fún àlejò. Wọn ò fi pamọ́ o, orúkọ ló yí padà.

Nǹkan kan wà nínú àṣẹ 1968 yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ fi ìwé ìṣirò yín ṣe. Ó ní bí comune bá ń ṣètò àdúgbò tí ènìyàn yóò gbé, kí ó ya ó kéré tán mítà onígun mẹ́rin 18 sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Nínú 18 yìí, 4.5 jẹ́ ti ilé ìwé, 9 jẹ́ ti ọgbà àti ibi eré, 2.5 jẹ́ ti ìgbọ́kọ̀sí, 2 tó kù sì jẹ́ ti ohun àjọlò bíi ilé ìjọsìn, ilé àṣà, ilé ìwòsàn kékeré àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó dáa. Bí kíláàsì yín bá ní ọmọ 25, ẹ fi 9 lọ́nà 25: ó di 225. Ìyẹn ju pápá volleyball kan lọ, torí pápá volleyball jẹ́ 162.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú àṣẹ náà. Wọn ò kọ “ọmọ Italy”. “Abitante” ni wọ́n kọ, ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ìwọ tí o ń gbé Arcella tàbí Barriera di Milano, wọ́n ń kà ọ́ mọ́ ọn, bí permesso rẹ tilẹ̀ ń dúró ní questura. Èmi oníṣirò ń sọ fún yín pé èyí kò túmọ̀ sí pé kí a kó ara wa lọ sí comune láti gba mítà méjì méjì wa. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣètò ni, kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni jẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ka òun mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n bó bá dé iwájú sportello.

Ẹ̀yin ará Torino ní àpẹẹrẹ tó dáa níwájú ilé yín. PRG tí ìlú yín ń lò, ọdún 1995 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ Gregotti ló sì ṣe é. Ó mú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin àti ilẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, ó yí ìlò wọn padà. Parco Dora tí àwọn ọmọ ń lọ gun skateboard lábẹ́ àwọn òpó irin pupa ńláńlá, ibi tí Ferriere Fiat ti ń yọ́ irin nígbà kan rí ni. Níbẹ̀ náà ni àwọn Mùsùlùmí Torino ti máa ń péjọ kírun Ìtúnu Àwẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Kí ọmọ tó lè ṣeré níbẹ̀, kí ènìyàn tó lè tẹ́ ẹní níbẹ̀, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ yí àwọ̀ kan padà lórí máàpù.

Níbo la ti ń rí àwọn máàpù wọ̀nyí? Láyé àtijọ́, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ń wà, wọ́n á ká wọn bí ẹní, ènìyàn á tò sórí ìlà kó tó rí wọn. Ní ọdún 2007, Europe ṣe òfin INSPIRE pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa gbé ìsọfúnni ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síta kí àwọn ẹlòmíràn lè lò ó. Ní 2010, Piemonte ni ẹkùn àkọ́kọ́ ní Italy tó ṣí ojúlé fún dátà ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ní báyìí Torino, Milano àti Padova ní máàpù tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ ìlú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “geoportale”. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ọmọ iléèwé lè gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó fi QGIS ṣí i, ọ̀fẹ́ sì ni QGIS. Àwọn ìlú kéékèèké kan ṣì wà tó jẹ́ PDF ni wọ́n kàn gbé síta, tí ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ kó tó kà á. Ẹ fara dà á.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni catasto. Agenzia delle Entrate ní máàpù catasto, ẹni kẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí foglio àti particella, nọ́ńbà ilẹ̀ yín. Àmọ́ nítorí owó orí ni catasto ṣe wà. Bí onílé bá na visura sí yín pé “ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ pé”, ohun tó fi hàn yín ni orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀ka owó orí ilé náà. Kò tíì sọ zona fún yín. Ohun tó gba 6,000 euro lọ́wọ́ wa gan-an nìyẹn.

Èkejì, àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ni ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè certificato di destinazione urbanistica. Òfin fún comune ní 30 ọjọ́ láti fún yín, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún kan bí ètò ìlú kò bá yí padà láàárín. Bí ó bá jẹ́ ilé, ẹ lọ sí Sportello Unico per l'Edilizia, kí onílé sì fi ìwé àṣẹ ìkọ́lé hàn yín. Bí ẹ bá ti wà nídìí máàpù náà, ẹ wo ti omi pẹ̀lú. Ẹni tó wà ní Torino ní October 2000, tàbí ní Vicenza ní ọjọ́ 1 oṣù November 2010 nígbà tí Bacchiglione ya wọ ìgboro, kò nílò kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ìjọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí inú capannone ni ọ̀pọ̀ wọn wà ní Veneto. Òfin ilé ìjọsìn le ju ti ilé ìpàdé lọ. Lombardia ṣe tirẹ̀ ní 2015, kóòtù tó ń bójú tó òfin ilẹ̀ yìí sì fagi lé apá kan nínú rẹ̀ ní 2016, ó tún fagi lé òmíràn ní 2019. Veneto ṣe tirẹ̀ ní 2016. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ní comune lè mú kí ìjọ ṣèlérí pé èdè Italy ni wọn yóò máa sọ nínú gbogbo ohun tí kì í ṣe ìsìn gan-an. Ẹ gbọ́ èyí ná! Ká máa jẹ ẹ̀bà lẹ́yìn ìsìn, ká máa fi èdè Italy ṣòfófó! Ìdájọ́ 67 ọdún 2017 fagi lé ìyẹn. Àmọ́ kò fagi lé agbára comune láti sọ ibi tí ilé ìjọsìn yóò wà.

Ní ti ẹgbẹ́ bíi tiwa, ilẹ̀kùn kan wà tí a kò mọ̀ nígbà náà. Òfin 117 ọdún 2017, ní abala 71, sọ pé ibùjókòó ẹgbẹ́ tó bá wà nínú Terzo Settore, àti ibi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, bá gbogbo zona ti 1968 mu, bí kì í bá ti ṣe iṣẹ́ ìmújáde. Ẹgbẹ́ wa kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ká ní a ti forúkọ sílẹ̀ ni, bóyá lẹ́tà yẹn ìbá ti rí ìdáhùn. Kí ìjọ má sì sáré gba inú abala yìí kọjá láìrí lọ́yà, torí ilé ẹgbẹ́ àti ilé ìjọsìn kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin.

Ní báyìí a ti forúkọ sílẹ̀. A sì ti rí ilé mìíràn ní Arcella, ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin. Ọmọ Ìyá Ìbejì ti wo máàpù: àdúgbò ilé gbígbé ni, omi kò sì sí nítòsí. Mo ti kọ lẹ́tà sí comune nípasẹ̀ PEC pẹ̀lú foglio àti particella, a ń retí èsì. Onílé ń pè mí lójoojúmọ́ pé ẹlòmíràn ń béèrè ilé náà. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.