“A Ṣe É” Kò Tó Ní Màídúgùrì

“Sọ ìgbà kan fún wa tí nǹkan tí ẹ fẹ́ pín kò kárí àwọn tó wà lórí ìlà. Kí lo ṣe?” Irú ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ sí àjọ aṣèrànwọ́ ní Màídúgùrì múra sílẹ̀ fún nìyẹn. Wọn kì í sábà béèrè ohun tó lè ṣe. Ohun tó ti ṣe rí ni wọ́n ń wá.

Ìjà Boko Haram tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2009 ló sọ ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ Borno, tí Màídúgùrì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, di ogúnléndé. Àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, UNICEF, WFP, Red Cross àti àwọn mìíràn, wá di agbanisíṣẹ́ ńlá nílùú náà. Ẹni tó gbọ́ Kànúrí tàbí Lárúbáwá Ṣúwà mọ́ Haúsá ní àǹfààní tí ẹlòmíì kò ní, ṣùgbọ́n èdè nìkan kì í gbani síṣẹ́.

Àwọn tó jókòó síwájú ẹni máa ń tó méjì mẹ́ta. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé, wọ́n sì ń fi máàkì sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìdáhùn gbọ́dọ̀ ní orí, kó ní ìdí: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ohun tí olùdáhùn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti ibi tó já sí. Ìpín kẹta yẹn ló máa ń da ọmọ Yorùbá láàmú jù. Ilé ti kọ́ ọ pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, nítorí náà “a” ló máa ń sọ: a kó o, a pín in, a yanjú ẹ̀. Ta ni “a”? Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

Ẹ gbé àpẹẹrẹ ìdáhùn méjì wò. “A bẹ àwọn èèyàn, wọ́n sì gbà.” Ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ wá gbọ́ èkejì: “Àpò ìrẹsì ogún ló dín. Mo dá pípín dúró, mo ní kí àwọn aṣojú inú àgọ́, tọkùnrin tobìnrin, wá ka èyí tó kù pẹ̀lú mi lójú gbogbo èèyàn. A jọ fẹnu kò pé ilé tí aboyún àti arúgbó wà ni yóò kọ́kọ́ gbà. Mo kọ orúkọ àwọn tó kù sílẹ̀, mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tiwọn dé.”

Èyí tó le jù ṣì ń bọ̀. “Ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ní kí obìnrin kan wá sùn ti òun kó tó rí káàdì oúnjẹ gbà. Kí lo máa ṣe?” Ẹni tí a tọ́ nílé wa lè ní òun yóò pe ọ̀rẹ́ òun sí kọ̀rọ̀, òun yóò bá a wí. Ìdáhùn yẹn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, ìwádìí tú àṣírí irú ìwà yìí láàárín àwọn ogúnléndé ní Liberia, Guinea àti Sierra Leone, àwọn ọmọdébìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Ní 2003, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe òfin tó kà á léèwọ̀, tó sì sọ ọ́ di dandan kí òṣìṣẹ́ tó bá fura fi ẹjọ́ sùn níbi tí àjọ rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún un. Kì í ṣe pé kó dá ìwádìí ṣe o.

Àlàfo inú ìwé ìwáṣẹ́ náà ń dẹ́rù bani. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ní 2014 lè ti jókòó ọdún méjì láìríṣẹ́. Kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì fi ohun tó ṣe láàárín ìgbà náà kún un, ìbáà jẹ́ ọmọ àdúgbò ló ń kọ́ ní ìwé. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì bá omi lọ nígbà tí ìsédò Alau nítòsí Màídúgùrì ya ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, kó ti lọ béèrè ẹ̀dà mìíràn lọ́wọ́ iléèwé rẹ̀ ṣáájú, kó mú ẹ̀rí pé òun ti béèrè dání.

“Ṣé o lè lọ gbé ní Rann?” Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, wọ́n pa òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ ní ìlú Borno yìí, wọ́n sì jí obìnrin mẹ́ta gbé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí owó oṣù. Kó ti bá ará ilé rẹ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí ẹnì kan bá sì ní kí awáṣẹ́ san owó kó tó wọlé, kó yáa padà lẹ́yìn rẹ̀: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ awáṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ á parí rẹ̀ sí “Ṣé o ní ìbéèrè?” Ọ̀pọ̀ á ní rárá, wọ́n á dìde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti gé owó ìrànwọ́ kù ní 2025, ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé padà sílé: oṣù mélòó ni owó iṣẹ́ yìí wà fún, ta ló sì ń san án?