Mímọ́ Fún Ta Ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan bi mí pé: "Bàbá, ṣé píọ̀ wọ́tà ò tó fún ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná yọ háídírójìn lára omi ni?" Mo ní kò tó. Omi tó mọ́ lẹ́nu wa ò tíì mọ́ fún ẹ̀rọ yẹn.

Nínú irú tí wọ́n ń pè ní PEM, awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín. Háídírójìn tí iná ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gba inú awọ náà kọjá. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú omi kànga, àti irin láti ara páìpù, a máa wá jókòó sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà á há, ẹ̀rọ á sì máa jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Irin ló burú jù: ó ń dá kẹ́míkà tó ń jẹ awọ náà sílẹ̀.

Omi òkun ńkọ́? Lítà kan ní iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Iná lè sọ iyọ̀ yẹn di kílórínì, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jẹ irin.

Ó kéré tán, kílò háídírójìn 1 ń gba kílò omi 9. Omi ń lọ, ìdọ̀tí ń ṣẹ́kù, díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀. Iyọ̀ tó ti yòrò kì í ṣe èèrí ògì tí asẹ́ ń mú; àfi ká yọ ọ́ títí omi ò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé iná mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní omi ọ̀sà ti di epo ọ̀fẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa sanwó fífọ̀ ọ́ mọ́.