Òrí Tí Kò Ní Rùn: Ibi Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe òrí ní Ṣakí, Kìṣí, Ìgbòho àti agbègbè wọn, iṣẹ́ òrí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ ó yan ọmọ inú kóró, ẹ ó lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ ó máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ pò ó nínú igbá ńlá títí apá yóò fi máa ro yín, kí ọ̀rá funfun tó léfòó. Ó dunni púpọ̀ bí òrí tí a ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ lé lórí bá ń rùn láìpẹ́, tí àwọn oníṣòwò sì ń fi owó pọ́ọ́kú rà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru ẹni tí ó pò ó. Ṣùgbọ́n inú oko ni àléébù náà ti sábà máa ń wá. Ìgbà òjò ni èso igi emi, tí í ṣe igi òrí, ń já bọ́. Èyí tí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù yóò hù tàbí kí ó bu; ọ̀rá inú rẹ̀ a sì máa kan. Kò sí bí a ti lè pò ó tí yóò tún dára.

Nítorí náà, ẹ máa ṣa èso tí ó já bọ́ lójoojúmọ́; ẹ má ṣe gbọn èyí tí kò tíì gbó sílẹ̀. Ẹ bó ara rẹ̀, kí ẹ sì tètè se kóró rẹ̀ nínú omi híhó, kí ó má baà hù. Ẹ sá a sórí ẹní, kì í ṣe orí ilẹ̀ lásán, títí ọmọ inú rẹ̀ yóò fi máa ró wọ́rọ́wọ́rọ́ bí a bá mì ín. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ tún ọmọ náà sá. Ẹ ṣa èyí tí ó bu kúrò. Àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ kó ìyókù sí, kí atẹ́gùn lè máa ráàyè wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì pò ó tán, ẹ fi omi mímọ́ fọ ọ̀rá náà léraléra, kí ẹ sì sè é títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọmọ kóró òrí lásán jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí iṣẹ́ ṣíṣe òrí baà lè gbilẹ̀ nílé. Òrí tí ó mọ́, tí kò sì rùn, ni yóò mú èrè iṣẹ́ náà dé ọwọ́ yín.