Irin ìlulẹ̀ fún gbígbin àlùbọ́sà: ilẹ̀ wo ló yẹ, irú wo ni ká rà?



Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì la máa ń gbà gbin àlùbọ́sà. Àwọn kan ń gbin wóró rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbin àlùbọ́sà kéékèèké fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè rí ewé rẹ̀ tà, tàbí kí ẹyọ kan lè di púpọ̀. Ọ̀nà kejì yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ ihò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ebè pẹlẹbẹ kan gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Bí a bá fi sàǹtímítà 15 sáàárín ẹyọ kan àti èkejì, ihò tó máa wà lórí ebè náà tó 400. Ẹni tó ní ebè mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lu ihò 1200. Ṣé ẹ̀yìn ò ní máa ro ó kó tó délé?

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi fẹ́ dáwó ra irin ìlulẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó la ó fi ra irin náà, owó la sì fi ń ra àlùbọ́sà tí a fẹ́ gbìn. Bí ihò ò bá dára, àlùbọ́sà á jẹrà nínú ilẹ̀, owó méjèèjì á sì bọ́ sọnù.

Kí ni irin ìlulẹ̀?

Irin tó lọ́ pọ̀ bí ìwo àgbò ni, tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Bí a bá ń yí i, ó ń wọ ilẹ̀, ó sì ń gbé erùpẹ̀ wá sókè. Ó jọ èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń lu ilẹ̀kùn, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní tarière.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èkíní ní igi ìdìmú lókè, ọwọ́ méjèèjì la fi ń yí i. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ ìlugi oníbátìrì, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà nísinsìnyí. Ẹ̀kẹta ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu ẹ̀sáǹsì. Ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe ti àlùbọ́sà rárá. Ihò òpó ọgbà àti ihò igi kajú ló wà fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín nítorí àlùbọ́sà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín

Ní etí òkun, bíi Grand-Popo àti Aného, iyanrìn ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gbé irin kúrò, iyanrìn gbígbẹ á ti ya padà sínú ihò. Ìka ọwọ́ tàbí igi ṣóńṣó ti tó yín. Ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Ní agbègbè Kétu àti Ìpóbẹ̀, ilẹ̀ pupa ló pọ̀. Bí a tilẹ̀ ti fi ọkọ́ tú u, lẹ́yìn tí a bá bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí oòrùn sì pa á, ojú rẹ̀ á tún le. Ibẹ̀ ni irin ìlulẹ̀ ti wúlò jù.

Ilẹ̀ amọ̀ tó wà létí odò Ouémé ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù lọ. Bó bá tutù, ó rọrùn láti lù, inú ẹni á sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí amọ̀kòkò ṣe ń ṣe. Ó ń fi nǹkan ra inú ìkòkò títí á fi máa dán, kí omi má baà jò. Ohun tí irin tó ń yí ń ṣe sí ara ihò nìyẹn. Ara ihò á dán, omi ò ní rí ọ̀nà lọ, gbòǹgbò ò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Àlùbọ́sà á wá jókòó sínú omi bí ẹni wà nínú ìkòkò. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ́ kékeré ni kí ẹ fi la ojú ilẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bó bá lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ dúró di ọjọ́ mìíràn. Bó bá dì díẹ̀, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dà bí eérú, ẹ bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá lu ihò láàárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ mú àlùbọ́sà tí ẹ fẹ́ gbìn lọ sọ́jà, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Kí irin fẹ̀ ju àlùbọ́sà lọ díẹ̀ péré. Fún àlùbọ́sà tó fẹ̀ ní sàǹtímítà 3, irin oní-sàǹtímítà 5 tó. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, bóyá ó dì dáadáa. Kí ọ̀pá rẹ̀ gùn dé ìbàdí yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ni, àǹfààní wo ló wá wà ńbẹ̀? Bó bá jẹ́ ti oníbátìrì, ẹ mú ẹ̀rọ náà dání, kí ẹ rí i pé ìdí irin wọ ẹnu rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ fi ti ọlọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò ní bátìrì tó ń tán láàárín iṣẹ́, alágbẹ̀dẹ ìlú yín sì lè tún un ṣe.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ara irin, ní sàǹtímítà 5 sí ẹnu rẹ̀. Bí aṣọ bá ti kan ilẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má ṣe fi agbára tẹ irin, yíyí ni kí ẹ máa yí i. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi họ ara ihò kó má ṣe dán. Ẹ da erùpẹ̀ tó rọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀, kí ìdí àlùbọ́sà lè kàn án. Bí àlàfo bá wà lábẹ́ àlùbọ́sà, omi á dúró síbẹ̀. Ìdí tó ní gbòǹgbò ló ń lọ sísàlẹ̀, orí ló ń wà lókè. Ẹ fi erùpẹ̀ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí orí rẹ̀ ṣì fara hàn díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ara yín

Ẹ̀rọ oníbátìrì lágbára. Níbi tí òkúta tàbí gbòǹgbò igi bá wà, bíi lẹ́bàá àwọn òkè Ṣábẹ̀, irin lè há lójijì, kí ẹ̀rọ sì lọ́ ọrùn ọwọ́ yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ di ìró àti gèlè yín dáadáa, kí etí aṣọ má baà lọ́ mọ́ irin. Ẹ wọ bàtà. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan erùpẹ̀ tó há sára irin.

Bí irin bá ge yín, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́. Ẹ má ṣe fi eérú, ẹrẹ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àrùn tó ń mú ara gan, tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, ń ti inú erùpẹ̀ wọ ojú ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Bí aláboyún bá gbà á, ó ń dáàbò bo ọmọ tó fẹ́ bí pẹ̀lú.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fọ irin, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo pupa díẹ̀ pa á lára. Ẹ má ṣe lo epo ẹ́ńjìnnì àlòkù, nítorí inú ilẹ̀ tí oúnjẹ yín ti ń hù ni irin náà tún ń padà sí. Ẹ gbé e kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti ní tó o.