Omi Ò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Ó Ní Ìṣirò: Ibi Tí Omi Dáàmù Tiga Ń Gbà Sọnù Kó Tó Dé Ìdí Tòmátò

Kò sí ẹni tó dé ọjà Mile 12 l'Ékòó láti ra tòmátò àti àlùbọ́sà tó máa ń béèrè iye omi tí wọ́n fi gbìn wọ́n. Oníbàárà yóò na ọjà, yóò sanwó, yóò gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di ilé. Bẹ́ẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, ọ̀pọ̀ nínú tòmátò tó ń wọ ìlú Èkó ló ń ti òkè Ọya wá, láti orí ilẹ̀ tí òjò kò rọ̀ sí fún oṣù mélòó kan. Omi tí ọmọ aráyé sé mọ́nú dáàmù, tí wọ́n sì fi kòtò darí lọ sí oko, ni irúgbìn wọ̀nyẹn mu dàgbà. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí a sé mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n, ó sì ní ju ẹnì kan lọ tó ń retí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ ni dáàmù Tiga ní ìpínlẹ̀ Kano. Ọdún 1971 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà, lábẹ́ Gómìnà Audu Bako, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ sórí odò Kano, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1974. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, omi tó lè gbà tóbi débi pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi táńkà tó ń gbé 10,000 lítà kó o, táńkà náà yóò sún mọ́ mílíọ̀nù 200. Láti Tiga ni omi ti ń gba inú odò àfọwọ́gbẹ́ lọ sí adágún kékeré tó wà ní Ruwan Kanya, ibẹ̀ ló sì ti ń pín lọ sí àwọn oko tó yí Kadawa ká. Ètò tí wọ́n ṣe fún ìpele kìíní iṣẹ́ náà ni pé kí ó bomi rin ilẹ̀ tó tó 22,000 hẹ́kítà. Ìrẹsì, àlìkámà, tòmátò àti àlùbọ́sà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn níbẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Hadejia àti Jama'are, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ni iṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀.

ÌṢIRÒ TÍ KÒ LE

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú 100 táńkà omi tó kúrò ní dáàmù, mélòó ló dé ibi tí gbòǹgbò irúgbìn ti lè mu ún? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n bí oko kan ṣe ń lo omi dáadáa sí. Ẹ mú iye omi tí irúgbìn nílò, ẹ yọ èyí tí òjò fún un kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi iye tí wọ́n tú sílẹ̀ láti orísun pín ìyókù. Èsì rẹ̀ ni ìdá tó wúlò.

Ohun tó mú ìṣirò náà rọrùn fún ẹni tí kò lọ sí yunifásítì ni pé hẹ́kítà kan jẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní 100 mítà, tó sì fẹ̀ ní 100 mítà. Bí omi bá bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan péré, 10,000 lítà ni omi náà, ìyẹn táńkà kan géérégé. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé tòmátò máa ń nílò omi tó wà láàárín 400 sí 800 mìlímítà láti ìgbà tí wọ́n bá gbìn ín títí di ìgbà ìkórè. Bí a bá mú 500, a jẹ́ pé hẹ́kítà tòmátò kan yóò mu 500 táńkà.

Ṣùgbọ́n 500 táńkà kọ́ ni wọn yóò tú sílẹ̀ ní dáàmù. Omi náà ní ibi méjì tí yóò ti sọnù. Èkíní ni ojú ọ̀nà: ilẹ̀ inú kòtò yóò mu nínú rẹ̀, oòrùn yóò fà nínú rẹ̀, etí kòtò tó ya yóò da apá kan nù. Ìwé ìlànà FAO fi hàn pé nínú kòtò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀gìdì lásán, nǹkan bí 70 nínú 100 ni yóò dé ẹnu oko. Bí wọ́n bá fi kọnkéré tẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, ó lè tó 95. Ibi kejì ni inú oko fúnra rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ kí omi ṣàn gba àárín ebè, nǹkan bí 60 nínú 100 ni gbòǹgbò yóò rí lò. Bí ó bá lo rọ́bà tó ń kán omi tó-tó-tó sí ìdí irúgbìn, ó lè tó 90.

Ẹ jẹ́ kí a sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn. Ìdá 60 nínú 70 jẹ́ 42. Èyí túmọ̀ sí pé nínú 100 táńkà tó kúrò lórísun, 42 péré ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kí 500 táńkà tó dé ìdí tòmátò, wọ́n ní láti tú nǹkan bí 1,190 sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi kọnkéré tẹ́ kòtò nìkan, tí àgbẹ̀ kò yí ohunkóhun padà nínú oko, 57 nínú 100 ni yóò wúlò, 877 táńkà yóò sì tó. Tí wọ́n bá fi rọ́bà akánmi kún un, kò ní ju nǹkan bí 585 lọ. Ìwọ̀n tí FAO fi lélẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìbomirin tó bá rí 50 sí 60 nínú 100 ń ṣe dáadáa, 40 kò burú jù, ṣùgbọ́n 20 sí 30 kò dára rárá.

EWÉ ÀTI AAGO ỌWỌ́

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé àfi ẹ̀rọ olówó gọbọi ni wọ́n fi ń wọn omi ṣì í. Àgbẹ̀ tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, aago ọwọ́ àti ewé kan lè ṣe é. Kí ó wá ibi tí kòtò ti tọ́, kí ó wọn mítà 10 níbẹ̀, kí ó sọ ewé sójú omi, kí ó sì wo aago. Bí ewé náà bá fi ìṣẹ́jú àáyá 40 rin mítà 10, ó ń rin 25 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó ti òkè, nítorí náà ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú, èyí sì jẹ́ nǹkan bí 21. Bí kòtò bá fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, tí omi rẹ̀ sì jìn ní 20, ẹ sọ 50 di ìlọ́po 20, ẹ sọ èsì di ìlọ́po 21, ẹ fi 1,000 pín in: lítà 21 ló ń wọ oko ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní wákàtí mẹ́rin, ó ti tó 30 táńkà.

Ká ní oko náà jẹ́ ààbọ̀ hẹ́kítà, tí irúgbìn inú rẹ̀ ń mu mìlímítà 6 lójúmọ́, tí ó sì ti lo ọjọ́ 6 láìrí omi. Mìlímítà 36 ló jẹ gbèsè rẹ̀, èyí tó jẹ́ 18 táńkà lórí ààbọ̀ hẹ́kítà. Àgbẹ̀ fún un ní 30. Táńkà 12 ti rì kọjá gbòǹgbò tàbí ó ti ṣàn jáde. Àgbẹ̀ náà kò ṣe ìmẹ́lẹ́, kò sì jalè; kò mọ̀ ni. Níbi tí ó sì ti jẹ́ pé iye hẹ́kítà ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí kì í ṣe iye omi, kò sí ohun tó máa mú un fẹ́ mọ̀.

ẸNI TÓ Ń JÌYÀ

Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Lójú kòtò ìbomirin, òdìkejì rẹ̀ ni a máa ń rí: omi tí ará ìsàlẹ̀ ìbá mu kì í tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ wà nítòsí orísun yóò bù ú ní àbùjù, ẹni tó wà ní ìparí kòtò yóò máa wo ojú ọ̀nà. Ní àwọn ibìkan ní Kadawa, omi àbùjù náà ti sọ ilẹ̀ di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, iyọ̀ sì ń jáde sójú ilẹ̀, débi pé ohun tí wọ́n pè ní ìrànlọ́wọ́ ti di ọ̀tá irúgbìn. Koríko tó ń hù nínú kòtò náà tún ń dí omi lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà kò tún pin sí Kano. Odò Kano pàdé odò Challawa, wọ́n di odò Hadejia, ó gba ìpínlẹ̀ Jigawa kọjá, òun àti Jama'are sì para pọ̀ di odò Yobe, èyí tó dorí kọ adágún Chad. Láàárín Hadejia sí Nguru ni ilẹ̀ àkúrọ̀ ńlá kan wà, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní fàdámà, níbi tí àwọn apẹja, àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀ ti ń jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, omi máa ń bo ju 2,000 kìlómítà níbùú-lóòró lọ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, kì í sábà tó ìdajì ìyẹn mọ́. Ọ̀dá wà nínú ohun tó fà á, àwọn dáàmù òkè odò náà sì wà níbẹ̀. Ní 1998, Edward Barbier àti Julian Thompson tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi gbé èrè méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ohun tí wọ́n rí ni pé àǹfààní tí oko ìbomirin mú wá kò tó ohun tí ilẹ̀ àkúrọ̀ pàdánù. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

KÍ WỌ́N TÓ PATẸ́WỌ́

Nítorí náà, ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe gbogbo omi tó kúrò nínú oko ló ṣòfò. Apá kan rì sínú ilẹ̀, ó di omi kànga fún aládùúgbò, apá kan sì padà sínú odò. Ní 2018, R. Quentin Grafton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn Science pé bí àgbẹ̀ bá rí ẹ̀rọ tó dín ìfiṣòfò kù, ó sábà máa ń fi omi tó ṣẹ́ kù ro oko tuntun ni. Èsì tirẹ̀ yóò dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n omi tó ń dé ọ̀dọ̀ ará ìsàlẹ̀ odò lè máà pọ̀ sí i rárá. Ó tilẹ̀ lè dín kù.

Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò TRIMING láti tún àwọn iṣẹ́ ìbomirin ńláńlá ṣe ní Nàìjíríà, Kano sì wà lára wọn. Títún kòtò ṣe dára, ìṣirò tó wà lókè sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n kòtò tuntun láìsí ìwọ̀n dà bí àpò tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ka owó inú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa wọn omi lẹ́nu dáàmù, lẹ́nu kòtò, lẹ́nu oko, kí wọ́n sì tún wọn ọ́n ní Hadejia àti ní Gashua, kí iye rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ará odò. Kí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sanwó lórí iye omi tí wọ́n gbà. Kí wọ́n sì pinnu ṣáájú pé omi tí wọ́n bá rí fi pamọ́ yóò ṣàn dé ìsàlẹ̀, kó má baà parẹ́ sínú oko tuntun lókè.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní Kadawa, ẹni tó ń da omi náà àti ẹni tó yẹ kó tẹ ilẹ̀ tútù kò sí ní ìlú kan náà, wọn kò sì mọ ara wọn. Ìṣirò tí wọ́n bá jọ fẹnu kò lé lórí nìkan ló lè ṣe onílàjà láàárín wọn.